Ta Ni Ń Kọ́ Àlùfáà?

Kíkà: Ìṣe àwọn Àpósítélì 18:24–28

Ẹ̀yin ìyá àti arábìnrin wa nínú Olúwa, ẹ̀kọ́ wa yìí dá lórí ìgbáradì àwọn àlùfáà àti iṣẹ́ tí Olúwa rán Ìjọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé iṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ni èyí, pé kò kan obìnrin. Ẹ jẹ́ kí a wo Bíbélì ná.

Apollo wá sí Éfésù. Ọ̀mọ̀wé ni, ó mọ Ìwé Mímọ́, ọ̀rọ̀ sì dùn lẹ́nu rẹ̀. Síbẹ̀ nǹkan kan kù: ìtẹ̀bọmi Jòhánù nìkan ni ó mọ̀. Priskilla àti Akuila ọkọ rẹ̀ gbọ́ ọ nínú sínágọ́gù, wọ́n sì mọ ibi tí ó kù sí. Wọn kò dìde bá a jiyàn níbẹ̀. Wọn kò sì dúró sẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn ìsìn láti máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdára (èyí tí àwa mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa). Wọ́n mú un sọ́dọ̀, wọ́n sì là á yé e. Iṣẹ́ àgọ́ pípa ni wọ́n fi ń jẹun, wọn kì í ṣe olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Oníṣẹ́ ọwọ́ kọ́ ọ̀mọ̀wé, ọ̀mọ̀wé sì gbà. Lẹ́yìn náà ni ó lọ sí Ákáyà, ó sì wúlò púpọ̀ fún àwọn onígbàgbọ́ níbẹ̀.

Irú rẹ̀ wà nínú ìtàn Mẹ́tọ́díìsì. Thomas Maxfield kì í ṣe àlùfáà, ṣùgbọ́n nígbà tí John Wesley kò sí ní Lọ́ńdọ̀nù, ó bẹ̀rẹ̀ sí wàásù. Wesley sáré padà wá láti dá a dúró. Susanna ìyá rẹ̀, ẹni tí ó kú ní 1742, ló ní kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọkùnrin náà, kí ó sì wo èso iṣẹ́ rẹ̀. Wesley gbọ́, ó sì fi í sílẹ̀ kí ó máa wàásù. Kí a má sì rò pé Wesley fi irú àwọn oníwàásù bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láìkọ́ wọn. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n máa kàwé fún wákàtí márùn-ún lójúmọ́, ó kéré tán. Ó tún ní kí wọ́n lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ó nílò wọn jù lọ.

Nílẹ̀ wa, Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án, 1842. Iṣẹ́ ọgbà ni ó ń ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó di míṣọ́nárì. Àwọn ará wa tí a dá sílẹ̀ lóko ẹrú, tí wọ́n ti Sàró padà wá, ti ránṣẹ́ béèrè olùkọ́ kí ó tó dé. Ní 1905 ni a dá Wesley College sílẹ̀ ní Ìbàdàn fún àwọn kátíkíìsì àti tíṣà. Ní 1958 àwa àti àwọn ará wa Áńgílíkà jọ dá Immanuel College sílẹ̀ ní ìlú kan náà.

Síbẹ̀, ní ọ̀nà ti Mẹ́tọ́díìsì, ẹnikẹ́ni kì í ti ilé bọ́ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́ oníwàásù ní sákíìtì rẹ̀. Nítorí náà, àwa tí a jókòó gbọ́ ìwàásù rẹ̀ àkọ́kọ́ ti wà lára àwọn olùkọ́ rẹ̀. Bí ó bá kọ́ lọ́dọ̀ wa pé ìkórè, ìgbéyàwó àti ìsìnkú ni gbogbo iṣẹ́ àlùfáà, yóò ṣòro fún kọ́lẹ́ẹ̀jì láti tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń bá wa lọ sí abúlé tí kò ní àlùfáà, sí ilé ìwòsàn, sọ́dọ̀ opó tí wọ́n ń lé jáde nílé ọkọ, ibẹ̀ ni yóò ti mọ àwọn tí a rán an sí.

Ẹ wo kíláàsì wa pẹ̀lú. Ní Bristol, ní 1742, pẹ́nì kan lọ́sẹ̀ láti fi san gbèsè ilé ìjọsìn ló bí i. Bí àwọn olórí ṣe ń lọ láti ilé dé ilé gba owó ni wọ́n rí bí àwọn ọmọ ìjọ ṣe ń gbé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí tọ́jú ọkàn wọn. Ní ọ̀pọ̀ ìjọ wa lónìí, owó nìkan ló kù.

Nígbà tí àlùfáà ọ̀dọ́ bá dé, a mọ̀ ọ́n fún ní iṣu, epo àti adìyẹ. Ó dára. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí ó ń mú un sọ́dọ̀ bíi Priskilla, tí ó ń fi ọ̀wọ̀ sọ pé, “Bàbá wa, ẹ jọ̀ọ́, ìwàásù yín ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá kò yé àwọn ará oko”?

Fún ìjíròrò ní ìpàdé ẹgbẹ́: Abúlé wo ní sákíìtì wa ni àlùfáà kò tíì dé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí? Ta ni nínú àwọn ọ̀dọ́ wa, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, tí a rí àmì ìpè lára rẹ̀, ta ni yóò sì mú un dání nígbà tí a bá ń lọ síbẹ̀?