Ẹ Tan Iná Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Kan Ìbọn
Ìwé ìlera fún àwọn ilé tó wà ní Ìjọra, Àpápá àti Ajégúnlẹ̀

Ìwé yìí wà fún gbogbo ilé tí ìbọn wà, ìbáà jẹ́ ṣakabùlà tí bàbá fi sílẹ̀ tàbí ìbọn tí ọlọ́pàá fún onílé níwèé àṣẹ fún. Ó wà fún àwọn aládùúgbò wọn náà, torí pé ọta tó bá ti kúrò lẹ́nu ìbọn kò mọ ilé ẹni tó yìn ín.

Ohun kan ṣoṣo tí a fẹ́ kí ẹ dì mú rèé: ẹni tí ẹ kò bá tíì rí dáadáa kí ẹ sì dá a mọ̀, ẹ má ṣe kọ ẹnu ìbọn sí i.

Ta ló wà nínú òkùnkùn?

Nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé, kò sí òru tí ẹsẹ̀ kì í rìn. Ọmọ lọ tọ̀. Ọkọ ti iṣẹ́ alẹ́ dé láti èbúté Àpápá. Àlejò ṣi ilẹ̀kùn kàn. Ojú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ìmọ́lẹ̀ sì máa ń lò tó ìṣẹ́jú 20 sí 30 kí òkùnkùn tó mọ́ ọn lára tán. Láàárín àkókò yẹn, ìbẹ̀rù lè sọ fóònù ọwọ́ ènìyàn di ọ̀bẹ lójú yín. Bí ẹ bá sì yìnbọn, ọta lè la ògiri pákó kọjá lọ bá ọmọ tó sùn ní yàrá kejì.

Iná ni kó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́

Ní 1923 ni ilé iṣẹ́ iná mànàmáná bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìjọra láti tan iná fún Èkó, síbẹ̀ òru tí iná máa ń lọ ṣì pọ̀ ládùúgbò wa. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé iná mànàmáná nìkan.

- Ẹ fi iná sólà sí ẹnu ọ̀nà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀.
- Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, kí ẹ sì máa yẹ bátìrì rẹ̀ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.
- Ẹ má fi àbẹ́là tàbí àtùpà elépo ṣọ́ ilé pákó mọ́jú. Iná lè jó o.

Bí ẹ bá gbọ́ ariwo, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ kó àwọn ọmọ jọ sójú kan, kí ẹ sì kígbe: "Ta nìyẹn? Dárúkọ ara rẹ!" Ẹ tan iná. Ẹ pe 112 tàbí 767, ẹ sì ké sí ọdẹ àdúgbò. Ẹ má jáde lọ wá olè kiri.

Tọ́ọ̀ṣì lọ́tọ̀, ìbọn lọ́tọ̀

Àwọn mìíràn ń so tọ́ọ̀ṣì mọ́ ìbọn. Ibi tí irú iná bẹ́ẹ̀ bá tàn sí ni ẹnu ìbọn kọjú sí. Bí ẹ bá fi í wá ohun tó ń dún, ẹ ti lè kọ ìbọn sí ọmọ yín kí ẹ tó mọ̀ pé òun ni. Àwọn ọdẹ wa máa ń gbé iná tiwọn sí iwájú orí, kí ó lè máa bá ojú lọ, kó má bàa bá ìbọn lọ. Síbẹ̀, àwọn ọdẹ kan ti ṣèèṣì yìnbọn lu ọdẹ ẹgbẹ́ wọn torí pé wọn kò rí gbogbo ara rẹ̀.

Bí ẹ̀rù bá bani, ọwọ́ méjèèjì lè fún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ọwọ́ tó ń tẹ tọ́ọ̀ṣì lè mú kí èyí tó wà lára ìbọn fà á láìmọ̀. Nítorí náà, kí ìka má dé ibi tí a ti ń fa ìbọn. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí àjà, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á kún yàrá láìsí pé ẹ kọ ohunkóhun sí ẹnikẹ́ni. Ẹ má tàn án sí dígí, yóò padà fọ́ yín lójú.

Ibi tí ìbọn yẹ kó wà

Ẹ yọ ọta kúrò nínú rẹ̀, ẹ tì í pa, kí ẹ sì ti ọta pa síbòmíràn tí ọwọ́ ọmọdé kò lè dé. Ẹni tó bá ti mutí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Òfin Ohun Ìjà ti 1959 sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá ní ìbọn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, ṣakabùlà kò sì yọ sílẹ̀.

Bí ìbọn bá ba ènìyàn

Ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ gírígírí, ẹ má sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ má wá ọta jáde, ẹ má fún ẹni tí ìbọn bà ní oúnjẹ tàbí omi. Ẹ gbé e lọ sí Ilé Ìwòsàn Gbogboogbò Ajéròmi tàbí ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín jù lọ. Òfin 2017 lórí ìtọ́jú ẹni tí ìbọn bà pàṣẹ pé kí ilé ìwòsàn tọ́jú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, láìdúró de ìwé ọlọ́pàá tàbí owó àkọ́san. Ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ ni yóò fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí 2. Ẹ má jẹ́ kí ìbẹ̀rù ọlọ́pàá dá yín dúró.

Ẹ ṣe èyí lálẹ́ òní

Ẹ pe gbogbo ará ilé jọ. Ẹ fẹnu kò pé ẹni tó bá ń wọlé lóru yóò máa dárúkọ ara rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ẹ fi ibi tí tọ́ọ̀ṣì wà han àwọn ọmọ, kí ẹ sì kọ 112 àti 767 sára ògiri níbi tí gbogbo ayálégbé ti lè rí i.