Àjọkẹ́, Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Náà Jà Sí I

Àjọkẹ́, gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná. O ní àwọn ọmọ tí ò ń kọ́ ní máníjìmẹ́ǹtì ń sùn ní kíláàsì, o wá ń bínú. Kí ni wọn ò ní sùn sí? Wàá wọlé, wàá ka ìwé sí wọn létí, wọ́n á dà á kọ, ó parí. Èmi gan-an ì bá hanrun.

Ṣebí ìwọ lo sọ fún mi pé Harvard ní Amẹ́ríkà, tó dá iléèwé òwò sílẹ̀ lọ́dún 1908, ìtàn òwò tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ni, pé Lagos Business School tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1991 náà ń ṣe bẹ́ẹ̀? O ní o ti gbìyànjú ẹ̀ rí. Ẹ̀rín ń pa mí! Ìtàn iléeṣẹ́ òyìnbó lo gbé fún ọmọ ìjọba ìbílẹ̀ Oríire wa níbí, o sì ti sọ ìdáhùn kí wọ́n tó kà á tán.

Ìkòyí-Ilé níbí ńkọ́? Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, lítà bẹntiróòlù tí kò tó 200 náírà fò kọjá 480. Ẹ̀gẹ́ tí a ti bẹ fún gàrí tí mò ń ṣe wà nílẹ̀, kò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹlẹ́rọ tó ń bá wa lọ̀ ọ́ fowó lé owó. Oníbàárà tó ń ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ra gàrí ní iye àná lòun á san. Ibẹ̀ ni kí o ti panu mọ́! Má sọ ohun tí mo ṣe. Bi wọ́n pé, “Ìyá onígàrí, kí lẹ máa ṣe?”

Ẹnì kan á ní kí n fowó lé gàrí. Èyí tí ìyá ẹ̀ ń yan gàrí á pariwo pé oníbàárà á sá. Ní kí wọ́n ṣírò ẹ̀ síta, iye epo, iye ẹ̀gẹ́, iye àpò. Bí wọ́n bá pọ̀ jù, pín wọn ní márùn-ún márùn-ún.

Bó bá jẹ́ ohun ńlá lo fẹ́, yunifásítì LAUTECH wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1990, Ọ̀ṣun yọ lára Ọ̀yọ́ ní 1991, ìjọba méjì wá jọ ni í títí di 2020 tó di ti Ọ̀yọ́ nìkan. Nígbà tó ṣì jẹ́ àjọni, ta ni ì bá máa san èwo? Ọmọ wo ló máa sùn sí ìyẹn?

Kí lo tún ń wí? Ìdánwò? Gbé ìtàn mìíràn fún wọn níbẹ̀, kí wọ́n sọ ohun tí wọn á ṣe àti ìdí ẹ̀. Àmọ́ ìwọ lo máa máàkì ẹ̀ o, má gbé e wá bá mi.