Kókó Dúdú Ẹ̀rẹ̀kẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Turin àti Padua, ẹ má so òwú mọ́ kókó dúdú wẹ́wẹ́ tó ń yọ lẹ́rẹ̀kẹ́ yín pé kó já. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í ràn. Àjogúnbá ni, ọjọ́ orí ló ń mú un pọ̀ sí i. (Ojú tèmi kún fún un.) Dókítà ọmọ Ítálì kan, Aldo Castellani, kọ nípa rẹ̀ ní 1925. Ìpara ìbóra kò lè pa á, àpá lásán ló máa dá síni lójú.

Ní ti jẹjẹrẹ awọ gan-an, àtẹ́lẹsẹ̀ àti abẹ́ èékánná ni kí ẹ máa yẹ̀ wò. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ni ó ti mú olórin Bob Marley, tó kú ní 1981. Àmì tó bá ń tóbi, tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ fi han medico di base (dókítà ìdílé) yín kíákíá, kó kọ impegnativa, ìwé tí ẹ óò fi rí dókítà awọ.