Ìmọ̀ràn fún Ọ̀dọ́ Tó Ń Wo Ẹyẹ Òkun

Ẹ̀yin ọmọ mi, ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹyẹ tí ẹ rí tó ń pẹja láàárín agbami náà ní ilé. Bó ti wù kó pẹ́ lójú omi tó, orí ilẹ̀ ni yóò padà sí láti yé ẹyin. Ẹni tí kò bá mọ ilẹ̀ náà kò lè gbà á lọ́wọ́ ewu. Ìmọ̀ràn mi rèé.

1. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹyẹ òkun kan wà tí wọ́n ń pè ní roseate tern: èyí tó wá láti Rockabill, erékùṣù kékeré kan nítòsí Dublin ní Írẹ́lándì, àti èyí tó wá láti erékùṣù Coquet ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bákan náà ni ìyẹ́ wọn rí. Òrùka irin tí wọ́n fi sí i lẹ́sẹ̀ kó tó lè fò ló ń sọ ibi tí wọ́n bí i sí.

2. Ohun tí ẹ rí ni kí ẹ kọ. Bí lẹ́tà kan lára òrùka náà kò bá hàn, ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀. Àṣìkọ lẹ́tà kan ṣoṣo lè gbé ẹyẹ lọ sílé onílé.

3. Ẹ má rò pé ibi tó súnmọ́ jù ni ilé rẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní 2013 tọpa nǹkan bí 200 ẹyẹ òkun tí wọ́n ń pè ní gannet láti ibùdó ìtẹ́ 12 ní àyíká Brítéènì àti Írẹ́lándì. Ibùdó kọ̀ọ̀kan ló ní apá òkun tirẹ̀. Aládùúgbò kì í sábà wọ ti aládùúgbò, bẹ́ẹ̀ wọn kì í jà sí i. Ìgbà tí wọ́n ń tọ́mọ nìyẹn o. Tí ọmọ bá ti fò lọ, ẹyẹ oríṣiríṣi ibùdó a dà pọ̀. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé oṣù wo la wà.

4. Ẹ mọ ibi tí agbára ẹ̀rọ mọ. Geolocator tí wọ́n ń so mọ́ ẹyẹ lẹ́sẹ̀ ń ka ìmọ́lẹ̀: gígùn ọ̀sán ń sọ bó ṣe lọ sí àríwá tàbí gúúsù tó, àkókò ọ̀sán gangan ń sọ ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀sán àti òru bá dọ́gba níbi gbogbo, ní oṣù kẹta àti oṣù kẹsàn-án, ọ̀rọ̀ àríwá àti gúúsù a dàrú.

5. Ẹ jẹ́ kí ilé àti àjò máa gbọ́ ohùn ara wọn. Àwọn ọmọdé ń fi okùn mú tern létíkun Gánà nígbà kan. Òrùka tí wọ́n bọ́ lẹ́sẹ̀ wọn ló jẹ́ kí àwọn tó ń ṣọ́ ìtẹ́ ní Írẹ́lándì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ ibi tí ẹyẹ wọn ń há sí. Láti àwọn ọdún 1980 ni ará ilé àti ará àjò ti jọ dìde: wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ Gánà nípa ẹyẹ náà, wọ́n sì ń ṣọ́ ìtẹ́ lọ́hùn-ún. Ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, tọkọtaya tó ń pamọ ní Rockabill pọ̀ débi pé wọ́n ju 1,500 lọ. Ẹyẹ tí a ń ṣọ́ nílé, tí wọ́n ń pa lájò, asán ni ìṣọ́ náà.

Tern ń wá sí etíkun Èkó, Kútọnu àti Lómè nígbà ọyẹ́. Ẹ gbé awò yín, ẹ ka òrùka, kí ẹ sì ránṣẹ́ sí àwọn tó fi í sí i lẹ́sẹ̀. Wọ́n ń retí yín.