Ẹ̀yin Ọmọ Òkè Tí Ẹ Ń Wakọ̀ Lójú Ọ̀sà

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ kúrò ní Ìgbàrà-Òkè, Àkúrẹ́ àti Oǹdó, tí ẹ lọ ń fi ọkọ̀ gbé àlejò kiri ọ̀sà Lẹ́kí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ òkè kò mọ omi. Odò Ọ̀nì tó gba ẹ̀bá Òkè-Igbó kọjá, inú ọ̀sà yẹn ló ń ṣàn sí. Gẹdú ilẹ̀ Oǹdó náà kì í ṣe àjèjì níbẹ̀: ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń so ó pọ̀ lójú omi, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ fà á lọ sí ibi ìlagi ní Èbúté-Mẹ́ta. Òmíràn a já lójú ọ̀nà, a sì rì. Abẹ́ omi ló wà tó ń dúró de ọkọ̀ tó bá ń sáré.

Ọ̀sà náà tóbi, ó tó nǹkan bí kìlómítà 247 níbùú lóòró, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ibi níbẹ̀ kò jìn tó mítà 3. Èyí ló ń tan ọ̀dọ́ jẹ. Omi tí kò jìn ni afẹ́fẹ́ tètè ń rú sókè. Bí ọ̀sán bá pọ́n, tí atẹ́gùn ìhà òkun bá dé, ìgbì kúkúrú á máa gbá ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àárọ̀ ni kí ẹ máa lọ. Nígbà ọyẹ́, ẹ jẹ́ kí kùrukùru kọ́kọ́ ká. Ti òru kò ní àríyànjiyàn nínú: àjọ NIWA tó ń bójú tó ìrìnnà ojú omi ti fòfin dè é.

Koríko ojú omi wá ń kọ́? Ọdún 1984 ni ewéko tó ń yọ òdòdó elésè-àlùkò yẹn gba Àgbádárìgì wọlé láti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ní ọ̀sà Èkó, iyọ̀ omi òkun a máa pa púpọ̀ nínú rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Omi odò ni ti Lẹ́kí, kò ní iyọ̀ bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni koríko náà ti ń jayé pẹ̀lú ojúoró àti òṣíbàtà. Afẹ́fẹ́ ló ń tì í kiri, tó fi jẹ́ pé erékùṣù koríko tí o fi ṣàmì lánàá lè ti ṣí lọ lónìí. Igi tó fìdí múlẹ̀ ni kí o fi ṣàmì, tàbí òrùlé ilé.

Bí koríko bá wé mọ́ pòròpẹ́là, pa ẹ́ńjìnnì kí o tó na ọwọ́ sí i. Gbé ẹ́ńjìnnì náà sókè. Gbòǹgbò koríko náà á dú, á lọ́ pọ̀ bí irun tí a kò yà, ìṣáwùrú kéékèèké á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Díẹ̀díẹ̀ ni kí o máa fà á. Kí àjẹ̀ àti ọ̀pá gígùn wà nínú ọkọ̀ nígbà gbogbo, nítorí afẹ́fẹ́ kò ní dúró dè ọ́.

Ẹ bọ̀wọ̀ fún àwọn apẹja. Bí ẹ bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀n wọn, tàbí ẹ̀ka igi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ kí ẹja lè sá sí, ẹ rẹ ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, ẹ kí wọn. Ẹni tí ìgbì yín da omi kún inú ọkọ̀ rẹ̀ kò ní júwe ọ̀nà fún yín lọ́jọ́ tí ẹ bá sọnù. Ní abúlé, ọ̀dọ̀ baálẹ̀ lẹ ó kọ́kọ́ lọ, kí kámẹ́rà ṣì wà nínú àpò.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ẹyẹ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan á rí lékèélékèé, á pariwo, gbogbo èrò á dìde sí ẹ̀gbẹ́ kan, fóònù lọ́wọ́, ọkọ̀ á sì fẹ́ dà. Kí ẹ tó ṣí ni kí ẹ ti sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ máa yí ọkọ̀ kí tọ̀tún-tòsì lè rí i. Àwọn kò gbọdọ̀ dìde. Awakọ̀ tó bá lè ṣe èyí láìjágbe mọ́ èrò, òun ni mo kà sí ọ̀gá, kì í ṣe ẹni tó ń fi ọkọ̀ fò.

Kí olúkúlùkù wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì kó tó jókòó. Bí gbajúmọ̀ kan bá ní aṣọ òun á rún, ẹ dá owó rẹ̀ padà fún un, ẹ fi í sílẹ̀ ní èbúté.