Ìmọ́tótó Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀: Ojúṣe Wa Nínú Ilé Tí Ọmọ Òrukàn Ń Gbé

Gbogbo ọpẹ́ ń bẹ fún Ọlọ́hun Ọba tí ó fi ìmọ́tótó ṣe ara ìjọsìn. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe lórí bí a ṣe ń ṣírò sàká. Orí ohun tí ojú máa ń ti ènìyàn láti sọ ni, ìyẹn bí a ṣe ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí a sì ń pa kòkòrò àrùn inú rẹ̀. Ohun tí ó fà á nìyí.

Nígbà tí a lọ kí opó kan tí ó wà lábẹ́ ìtọ́jú ẹgbẹ́ wa, a bá ọmọ rẹ̀ tí ó kéré jù lórí ẹní. Ó ti ń ya ìgbẹ́ gbuuru láti ọjọ́ mẹ́ta, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Ìrẹsì tí a gbé lọ wà nílẹ̀, ẹnu ọmọ kò gbà á. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n tọ́jú rẹ̀, Ọlọ́hun sì fún un ní àlàáfíà. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ sọ fún wa pé ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí láàárín oṣù méjì. Nígbà náà ni a ní kí wọ́n fi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ hàn wá. Yàrá mẹ́fà ni ó ń lo ẹyọ kan ṣoṣo. Òórùn Izal ń ta síni nímú láti ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ń yọ̀, àwo ìgbọ̀nsẹ̀ ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ọwọ́ búùtà tí gbogbo ilé fi ń ṣàndí sì dúdú fún ìdọ̀tí. Àwa tí a ń san owó ilé-ìwé ọmọ náà kò wo ibẹ̀ rí.

KÍ NI Ẹ̀SÌN WÍ?
Ọ̀pọ̀ ìwé òfin ẹ̀sìn wa ni ó fi ìmọ́tótó ṣe orí àkọ́kọ́, kí wọ́n tó kan ìrun. Ẹ̀sìn wa kò fojú kéré ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó kọ́ wa ní ẹsẹ̀ tí a ó fi wọlé àti ẹsẹ̀ tí a ó fi jáde. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ̀ fún wa láti ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ sí ojú ọ̀nà àti sí abẹ́ ìbòji tí àwọn ènìyàn ń jókòó sí, nítorí ìnira ni fún ẹlòmíràn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà, kí ni a ó wí nípa èyí tí ó wà nínú ilé, tí ọmọdé ń fọwọ́ kàn lójoojúmọ́?

BÍ ÀRÙN ṢE Ń RÌN
Inú ìgbẹ́ ni kòkòrò onígbáméjì, táífọ́ọ̀dù àti ẹyin aràn ti ń wá. Ọwọ́, eṣinṣin, ẹsẹ̀ àti omi ni ó ń gbé wọn dé ẹnu. Ẹni tí ó ṣàndí tán fi ọwọ́ kan náà gbá ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Ọmọdé tẹ̀lé e, ó gbá ibẹ̀ mú, ó sì lọ jẹ búrẹ́dì. Ní ọdún 2021, àwọn tí a fura sí pé onígbáméjì mú ní Nàìjíríà lé ní 100,000, àwọn tí ó kú lé ní 3,500. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ó tún bẹ́ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó. Kì í ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nìkan ni ó ń fa àrùn yìí, omi tí kò mọ́ pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni èyí tí ó wà ní ìkáwọ́ wa.

BÍ A Ó ṢE FỌ̀ Ọ́
1. Ẹ ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti bàtà. Ẹ kọ́kọ́ da omi tàbí kí ẹ fa omi sínú àwo kí ìtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ lọ.

2. Ọṣẹ ni ó ṣáájú. Ẹ fi omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ìdọ̀tí kúrò pátápátá, kí ẹ sì fi omi ṣan án. Bílíìṣì tí a bá dà lé ìdọ̀tí lórí, ara ìdọ̀tí ni agbára rẹ̀ yóò parí sí.

3. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó mọ́ jù lọ sí ibi tí ó dọ̀tí jù: ọwọ́ ilẹ̀kùn, ẹnu ẹ̀rọ omi, ọwọ́ tí a fi ń fa omi, ọwọ́ búùtà, ibi ìjókòó, inú àwo. Ilẹ̀ ni ẹ ó fi parí. Aṣọ tí a fi nu àwo kò gbọdọ̀ kan ọwọ́ ilẹ̀kùn.

4. Lẹ́yìn èyí ni bílíìṣì. Ẹ ka ara ìgò. Bí wọ́n bá kọ 5% sí i, ife 1 sí ife omi 9. Bí ó bá jẹ́ 3.5%, ife 1 sí ife omi 6. Omi tútù ni kí ẹ lò, nítorí omi gbígbóná ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Èyí tí a bá pò lónìí, kí a lò ó lónìí. Ìgò tí kò ní àkọlé, a kò lè mọ agbára rẹ̀.

5. Ẹ fi pa gbogbo ibi tí ẹ ti fọ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó ṣan án. Àwọn tí ń pa á tí wọ́n ń ṣan án lójú ẹsẹ̀, owó wọn ni wọ́n ń dànù.

6. Ẹ fọ búrọ́ọ̀ṣì àti ìbọ̀wọ́, kí ẹ fi wọ́n kọ́ kí wọ́n gbẹ. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́.

Ẹni tí ó ń lo ṣálángá, kí ó fọ ojú ilẹ̀ rẹ̀ bákan náà, kí ó sì fi ìdérí bo ihò nítorí eṣinṣin. Kí ó má da bílíìṣì sínú kòtò. Eérú ni kí ó bù sí i bí òórùn bá pọ̀.

Ibi tí ọwọ́ ń kàn, ojoojúmọ́ ni kí a máa fọ̀ ọ́ ní ilé tí ènìyàn pọ̀ sí. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru, kí a fọ ibẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ó bá lò ó.

OHUN TÍ A GBỌ́DỌ̀ ṢỌ́RA FÚN
Ẹ má po bílíìṣì mọ́ ásíìdì, Izal tàbí oògùn ìfọlẹ̀ mìíràn. Bílíìṣì àti ásíìdì bá pàdé, èéfín olóró ni ó ń jáde, ó sì lè pa ènìyàn nínú yàrá kékeré. Ẹ má rọ bílíìṣì sínú ìgò mínírà. Ọmọdé yóò rò pé nǹkan mímu ni. Bí ọmọ bá mu ún, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì jẹ́ kí ó bì í. Ẹ fi omi ṣan ẹnu rẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú ìgò náà lọ́wọ́.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé òórùn dídùn kì í ṣe ìmọ́tótó. Bí ẹ̀gbin bá kan aṣọ ìrun, omi ni a ó fi fọ̀ ọ́ títí ẹ̀gbin náà yóò fi kúrò. Lọ́fíńdà kò lè gba ipò omi.

TA NI YÓÒ FỌ̀ Ọ́?
Ọ̀rọ̀ yìí dùn wá. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ọmọ tí kò ní bàbá ni wọ́n máa ń rán lọ fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, láìsí ìbọ̀wọ́, láìsí bàtà, nígbà tí àwọn ọmọ onílé ń wo tẹlifíṣọ̀n. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kí ọmọ ṣiṣẹ́ ilé. Àbùkù ni kí ó jẹ́ òun nìkan. Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ náà yípo láàárín gbogbo ará ilé, kí àgbàlagbà sì ni yóò máa po bílíìṣì.

OWÓ WO NI A Ó FI ṢE É?
Àwọn kan bi wá bóyá a lè ná sàká sí i. Ẹ̀yà ènìyàn mẹ́jọ ni Ọlọ́hun pín sàká fún, aláìní sì wà nínú wọn. Owó tí a bá fi lé opó lọ́wọ́ ti di tirẹ̀. Ó lè fi ra ọṣẹ bí ó ṣe lè fi ra gàrí. Ṣùgbọ́n àtúnṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ onílé, a kò ní yọ sàká fún un. Sàárà ni a ó fi ràn wọ́n lọ́wọ́, kí onílé náà sì san ìpín tirẹ̀.

Ní ilé tí a sọ lókè yìí, àwọn ayálégbé ti pín ọjọ́ láàárín ara wọn. Búùtà ti di méjì: ọ̀kan fún ìṣàndí, ọ̀kan fún àlùwàlá. Garawa, búrọ́ọ̀ṣì, ìbọ̀wọ́, ọṣẹ àti bílíìṣì ni a fi kún ìrẹsì tí a gbé lọ. A kò lè búra pé àìsàn kò ní wọlé mọ́, ti Ọlọ́hun ni. Ṣùgbọ́n a ti ṣe èyí tí ó wà lọ́wọ́ wa.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, bí ẹ bá lọ kí àwọn ọmọ òrukàn wa, ẹ má dúró sí pálọ̀ nìkan. Ẹ fi ọ̀wọ̀ tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyá wọn, kí ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Kí ẹ tó lọ, ẹ kọ́kọ́ wo ti ilé yín.

Kí Ọlọ́hun gbà á ní iṣẹ́ rere, kí ó fi àlàáfíà jíǹkí àwọn ọmọ wa. Āmīn.