Òrìṣà Bí Ọ̀fun Kò Sí: Ọ̀rá Inú Ẹ̀dọ̀ àti Àtọ̀gbẹ

Òrìṣà bí ọ̀fun kò sí, ojoojúmọ́ ló ń gbẹbọ. Ará Pópó Yemọja ní Ìbàdàn ló yẹ kí ọ̀rọ̀ àgbà yìí kọ́kọ́ yé. Yemọja tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe àdúgbò náà, tí ojúbọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀, ó sì ní ìgbà ọdún. Ọ̀fun kò ní ọjọ́ ìsinmi.

Ohun tí wọ́n sì fi ń bọ ọ́ láàárín Ọjà'ba sí Bẹẹrẹ kò kéré. Ìyá ọlọ́jà tó jókòó ti igbá rẹ̀ láti àárọ̀ á mu mínírà tútù kan nígbà tí oòrùn bá mú, á tún mu òmíràn bí àlejò bá dé. Kò ní ráyè jẹun gidi àfi lálẹ́, lẹ́yìn tó bá palẹ̀ ọjà mọ́: àmàlà mẹ́rin, gbẹ̀gìrì, ewédú, ẹran ọlọ́ràá. Ó di orí ibùsùn. Bí ikùn rẹ̀ bá wá ń yọ, àwọn èèyàn á ní owó ti ń wọlé, ara rẹ̀ ti ń dá. Ìyìn yẹn gan-an ló yẹ ká fura sí, torí ọ̀rá tó bá yọ síta níkùn sábà máa ń ní èkejì tó ti wọ inú ẹ̀dọ̀.

Ẹ̀dọ̀ ni àká ara. Bí èèyàn bá jẹun tán, ẹ̀dọ̀ á kó lára ṣúgà inú oúnjẹ náà pamọ́. Bí ó bá sùn, á máa yọ ọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ọpọlọ má baà ṣàìrí nǹkan lò. Ínsúlínì ló ń sọ fún un pé ó tó, kó dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n bí àká bá kún, ẹ̀dọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àjẹṣẹ́kù di ọ̀rá. Bí ọ̀rá náà bá ti kọjá ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ẹ̀dọ̀, ó ti di àìsàn. Irú ẹ̀dọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í gbọ́ràn sí ínsúlínì lẹ́nu mọ́. Á máa tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ ní gbogbo òru.

Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń bi dókítà pé, "Mi ò fẹnu kan nǹkan kan láti alẹ́ àná, kí ló dé tí ṣúgà mi fi ga láàárọ̀ yìí?" Ẹ̀dọ̀ ni. Ara á máa pèsè ínsúlínì kún ínsúlínì kó lè borí agídí rẹ̀, títí yóò fi rẹ ibi tí ínsúlínì ti ń wá. Àtọ̀gbẹ wọlé nìyẹn.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkèèrè. Ní Èkó, àwọn oníṣègùn yẹ ẹ̀dọ̀ èèyàn 336 wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2016. Nínú 168 tó ní àtọ̀gbẹ, ìdá 16.7 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọ̀rá ti wọ ẹ̀dọ̀ wọn. Nínú 168 tí kò ní in, ìdá 1.2 péré ni. Àwọn ìwádìí tí wọ́n kó jọ láti ilẹ̀ òkèèrè náà fi hàn pé ewu àtọ̀gbẹ fún ẹni tí ọ̀rá wà nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ tó ìlọ́po méjì ti ẹni tí kò ní in.

Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní àìsàn yìí ni ibì kankan kì í dùn. Ẹni tí kò mu ọtí rí lè ní in, ẹni tó tín-ín-rín náà lè ní in.

Bí wọ́n bá sì dárúkọ ẹ̀dọ̀, àgbo tó ń "fọ ẹ̀dọ̀" ni ọ̀pọ̀ máa ń sáré wá. Kò sí àgbo kan tí ẹ̀rí ti fi hàn pé ó ń fọ ọ̀rá kúrò nínú ẹ̀dọ̀. Ẹ̀dọ̀ yìí kan náà ni yóò tún gba wàhálà àgbo náà, àwọn mìíràn sì ti tipa bẹ́ẹ̀ bà á jẹ́ pátápátá.

Ìròyìn ayọ̀ wà, ó sì tó kéèyàn kéde rẹ̀ lójú ọjà. Ní 2011, Ọ̀jọ̀gbọ́n Roy Taylor àtàwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Newcastle, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ ohun tí wọ́n rí lára àwọn 11 tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì, tí wọ́n dín oúnjẹ wọn kù gan-an lábẹ́ àbójútó. Láàárín ọjọ́ méje, ọ̀rá ẹ̀dọ̀ wọn ti dín ní nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣúgà òwúrọ̀ wọn sì ti wálẹ̀ dé ibi tó yẹ. Ẹni tó ń lo oògùn kò gbọdọ̀ dá irú ẹ̀ ṣe láìsí dókítà. Ṣùgbọ́n ẹni tó wọn kílò 90, tó bá rọra dín kílò 7 sí 9 kù, ti ṣe ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lóore ńlá.

Mínírà ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ. Ìgò 50cl kan lè ní tó gíráàmù 50 ṣúgà, ìyẹn bíi ṣíbí ìmutíì 12, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tó máa ń tètè di ọ̀rá nínú ẹ̀dọ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí ọmọ Ìbàdàn pa àmàlà tì. Gbẹ̀gìrì àti ewédú kò ṣẹ̀. Iye òkèlè, ẹran ọlọ́ràá àti aago tí wọ́n ń jẹ ẹ́ ni kí wọ́n tún ṣe. Kéèyàn sì fi ẹsẹ̀ rìn gun òkè Màpó dípò kó wọ ọ̀kadà, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀.

Àyẹ̀wò kan wà tí kò ná ni ní kọ́bọ̀. Kéèyàn fi okùn wọn gíga ara rẹ̀ láti àtàrí dé gìgísẹ̀, kó ká okùn náà sí méjì, kó fi yí ikùn po ní ọ̀kánkán ìdodo. Bí kò bá ká a, kó lọ sí ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ní Yemẹ́tù tàbí UCH láàárọ̀ láìtíì jẹun, kí wọ́n yẹ ṣúgà rẹ̀ wò. Bí ó bá wà láàárín 100 sí 125 mg/dL, àtọ̀gbẹ ti ń kanlẹ̀kùn. Bí ó bá tó 126, tí wọ́n tún un yẹ̀ wò lọ́jọ́ mìíràn tí kò yí padà, ó ti wọlé. Kó má sì kúrò níbẹ̀ láìbéèrè ẹ̀dọ̀ rẹ̀.